Lẹ́tà Méje Tí Kò Kúrò ní Lakowe

Inú tètè máa ń bí mi sí ẹ̀rọ. Èèyàn lè ṣẹ̀ mí kí n fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá ní kí n dúró díẹ̀, ara mi á ti máa gbóná. Ìyá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì gbà pé kò sí nǹkan tí èèyàn bá fi sùúrù bá lò tí kò ní gbọ́ràn. Nígbà tí mo fún wọn ní láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́, ńṣe ni wọ́n rán àpò aṣọ fún un, wọ́n sì ń nù ún láràárọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wọ ọkọ̀ kòrópe láti Ajah, níbi tí mò ń gbé, lọ kí wọn ní Lakowe. Mo ra búrẹ́dì dání. Mo ti ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi pé wákàtí kan péré ni màá lò, torí bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo bá wọn ní yàrá ìgbàlejò, wọ́n ń já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sínú abọ́. Lẹ́yìn ògiri wa, àwọn tó ń kọ́lé ń po kọnkéré, ariwo ẹ̀rọ wọn ò sì dáwọ́ dúró.

Ìyá mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó dáadáa kí wọ́n tó bi mí pé, "Àbúrò mi, ṣé ó ṣì wà láàyè?"

"Haba, Mọ́mì! Ṣebí wọ́n gbé fọ́tò sórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wà láàyè. Kò kàn fẹ́ dá mi lóhùn ni."

Àbúrò kan ṣoṣo tí ìyá mi ní ń gbé ní Kánádà. Mo mọ̀ pé ìjà wà láàárín àwọn méjèèjì láti ìgbà ọyẹ́. Ìyá mi fi maṣíìnì ìránṣọ tí ìyá wọn fi sílẹ̀ ta ọmọ aládùúgbò kan tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ lọ́rẹ, wọn ò sì bi àbúrò wọn. Nígbà tí ìyẹn gbọ́, ó bínú lórí fóònù, ó ní ìyá àwọn méjèèjì ló ni maṣíìnì. Ìyá mi ní ta ni àgbà ń gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀? Ìyẹn gé fóònù mọ́ wọn létí. Látìgbà náà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Nílé tiwa, àbúrò ló ń kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n. Bí ìjà bá sì wà, àbúrò náà ló ń wá kúnlẹ̀. Ohun tí mo rò pé ìyá mi ń retí nìyẹn, mo sì fi ọ̀rọ̀ àgbà sílẹ̀ fún àgbà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti sọ ipò ẹ̀gbọ́n kalẹ̀, pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé.

"Ẹ̀ẹ̀meje," ni wọ́n wí. "Mo fi kọ́mà síbi tó yẹ, mo fi fúlúsítọ́ọ̀pù síbi tó yẹ. Ẹ̀ẹ̀meje, kò fèsì ẹyọ kan."

"Kí ló dé tẹ́ ò pè wọ́n?"

"Orí fóònù ló ti gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ìjà tí fóònù dá sílẹ̀, mi ò ní fi fóònù parí ẹ̀."

Mo ní kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ hàn mí. Wọ́n bọ́ láptọ́ọ̀pù kúrò nínú aṣọ rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí wa kan ti tẹ orúkọ gbogbo ẹbí sínú ìwé kan, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì íméèlì wọn, àwọn àdírẹ́sì náà ní àwọ̀ búlúù, ìlà sì wà lábẹ́ wọn. Ìyá mi tẹ búlúù àbúrò wọn. Ojú ìwé funfun kan ṣí, àdírẹ́sì náà ti wà lórí rẹ̀.

"Ṣó o rí i? Ó mọ ilé."

Kì í ṣe ibi tí ìyá mi ti ń ka íméèlì wọn nìyẹn. Inú bíráwúsà, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ti ń ka tiwọn, ibẹ̀ ni ìwé ìpàdé ìjọ àti ti àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ń bá wọn. Èyí tó ṣí yìí, ètò ìfìwéránṣẹ́ mìíràn ni, ó bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó lọ́jọ́ tí mo gbé e wá. Mo fi àdírẹ́sì wọn sí i, ó béèrè pásíwọ́ọ̀dù, mo wo aago, mo tẹ "Later", mo bá tèmi lọ. Láti ọjọ́ náà, ó ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ìyá mi, kò sì rí ọ̀nà gbé e jáde.

Mo ṣí àpótí tó ń jẹ́ Outbox. Méjèèje wà níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ iléèwé tí tíṣà gbàgbé sórí ìlà. Ojú tì mí.

"Wọn ò lọ o, Mọ́mì. Kò sí èyí tó kúrò nínú yàrá yìí."

Wọ́n yọ awò ojú wọn. "Á jẹ́ pé kò mọ̀ pé mo bẹ òun."

"Wọn ò mọ̀, Mà."

"Kò sì mọ̀ pé mo bú òun."

Ìgbà yẹn ni mo wá rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Ẹ̀bẹ̀ ni lẹ́tà méjì àkọ́kọ́. Láti orí ẹ̀kẹta, inú ti ń bí ìyá mi. Ìkarùn-ún, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Bí mo bá sì fi pásíwọ́ọ̀dù sí ètò yẹn báyìí, gbogbo wọn ló máa fò jáde ní ìṣẹ́jú kan náà, ẹ̀bẹ̀ àti èébú.

"Ẹ jẹ́ kí n pa wọ́n rẹ́."

"O ò gbọdọ̀ dán an wò! Mo jókòó kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kì í fa ìwé mi ya."

Ọ̀nà kan ló kù: kí n fi ètò yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n wá ṣe é tó fi jẹ́ pé, bí ìyá mi bá tẹ búlúù, íméèlì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n mọ̀ ni yóò ṣí. Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo wọ Settings, mo wá ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń béèrè ètò tí yóò máa fi ránṣẹ́, mo mú bíráwúsà. Mo tẹ búlúù. Bíráwúsà ṣí lóòótọ́, òfìfo ni. Mo tún un ṣe, òfìfo. Mo pòṣé, mo lu tábìlì.

"Má nà án," ni ìyá mi wí. "Kí lo fẹ́ kó ṣe gan-an?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé íméèlì náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè kó tó lè máa ṣí àdírẹ́sì, pé ó máa ń béèrè lókè níbẹ̀. "Ṣé ó ti bi yín rí?"

"Ó bi mí. Mo tẹ No."

"Èéṣe, Mọ́mì?"

Wọ́n nawọ́ sí ògiri lókè tábìlì. Wọ́n ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ òfin tí mo ṣe fún wọn nítorí àwọn gbájúẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀: OHUNKÓHUN TÓ BÁ BI YÍN NÍ ÌBÉÈRÈ, ẸNI YÒÓWÙ KÓ JẸ́, NO NI KÍ Ẹ TẸ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Àfọwọ́fà pátápátá. Mo lọ síbi tí bíráwúsà ń kó ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sí, mo yọ No wọn kúrò, mo gbà á láyè. Mo tún búlúù tẹ̀, ojú ìwé tí ìyá mi mọ̀ sì ṣí, fọ́tò wọn pẹ̀lú gèlè wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni wọ́n wí. "Ilé mi rèé."

Wọn ò mú ọ̀kankan nínú méjèèje. Wọ́n fi ìka kan tẹ tuntun, lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀: Àbúrò mi, mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti ìgbà ọyẹ́, ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kó o gbọ́. Má bínú nípa maṣíìnì ìyá wa. Ó yẹ kí n bi ọ́.

Wọ́n rán an. Ó lọ. Mo wò ó dájú pé ó lọ, mo sì na ọwọ́ sí báàgì mi.

"Bí èyí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí kò fèsì," ni ìyá mi wí, wọ́n ń wo abọ́ ẹ̀fọ́, "a jẹ́ pé ó kọ̀ mí lóòótọ́ nìyẹn."

Mo gbé báàgì mi kalẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ní ti méje àkọ́kọ́, a rí ẹ̀rọ di ẹ̀bi rù; ní ti èyí, kò sí. Mo jókòó tì wọ́n, a jọ já ẹ̀fọ́ náà tán, a sì ń wo fóònù tó wà lórí itan wọn.

Ó dún. Mo bá wọn tẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè jáde síta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀ o! Inú kíṣìnnì ni mo kúnlẹ̀ sí."

"Dìde. Ilẹ̀ ibẹ̀ tútù."

"Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ ò bá mi jà! Ká ní ẹ bú mi ni, ǹ bá mọ̀ pé mo ṣì ní ẹ̀gbọ́n. Ẹ kàn dákẹ́. Mo rò pé ẹ ti pa mí rẹ́." Ẹkún ò jẹ́ kí àbúrò ìyá mi lè parí rẹ̀.

Ìyá mi wò mí. Wọ́n wo láptọ́ọ̀pù. "Ta ló dákẹ́? Dúró níbẹ̀."

Wọ́n ṣẹ́ ọwọ́ sí mi kí n ṣí Outbox. Wọ́n ní ìkarùn-ún ni kí n mú. Wọ́n wọ awò wọn, wọ́n wúkọ́ díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ketekete bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì, wọ́n ń dúró níbi kọ́mà kọ̀ọ̀kan: "Ìwọ alágídí ọmọ ìyá mi, tí yìnyín ti wọ̀ ní ọpọlọ, tí mo pọ̀n lẹ́yìn títí ẹ̀yìn fi ro mí, tó wá gé fóònù mọ́ mi létí..."

Ẹ̀rín bú jáde ní Kánádà, ẹ̀rín tó ń sunkún, àbúrò wọn ò sì jẹ́ kí ìyá mi fo ìlà kan. Nígbà tí wọ́n kà á tán, àbúrò wọn fọn ikun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó tún kù?"

"Ó ku méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ìkẹfà le ju èyí lọ o."

"Ẹ kà á. Mo ti jókòó."