Àmì Tí Mo Nù Kúrò Lórí Kànga

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni Nàfísátù Gbọ́ládé kú ní Sàngó Ọ̀tà. Dókítà ní kíndìnrín ni. Kí a tó kírun Àsárì, a ti sin ín.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi fọ ìgò ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ìwé girama. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kan àpótí pákó kékeré, ó fi fóònù àlòkù sínú rẹ̀, ó rẹ bébà sínú omi ìṣápá, ó sá a gbẹ. Bébà tó bá pọ́n nínú omi kànga, ásíìdì wà níbẹ̀. Fóònù á sì ya àwòrán rẹ̀, á fi àwọ̀ náà sọ bí ásíìdì ti pọ̀ tó. Kò ní májèlé rárá: èyí tó bá lò tán, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń dà á sí.

Kànga mọ́kànlélógójì ló yẹ̀ wò lẹ́yìn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì. Mẹ́tàdínlógún kò dára. Tirẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì sí, lẹ́yìn tó ti mu ún fọ́dún mọ́kànlá. N kò sọ pé omi ló pa á. N kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ta ló wádìí?

Mo bá a gbé ìwé tó kọ àbájáde rẹ̀ sí lọ sí ọ́fíìsì tó ń mójú tó àyíká. Akọ̀wé wo bébà pupa náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, sóbò lẹ gbé wá? Ẹ bá wa fi áísì sí i."

"Ẹ gbé ẹ̀rọ tiyín wá nígbà náà, ọmọ mi."

"Ẹ̀rọ wa ò sí nílé, mà."

Ṣé ó lọ kí àna rẹ̀ ni? Ọjọ́ mẹ́rìnlá lé ní igba rèé, kò tíì dé.

Èmi náà ńkọ́? Yàrá méjì ṣófo nílé mi. Láàárọ̀ tí àyálégbé ń bọ̀ wá wò ó, Nàfísátù ká àkísà mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń nu àmì rẹ̀ kúrò lórí ìdérí kànga mi, ọ̀kan nínú mẹ́tàdínlógún náà.

"Bàbá Fúnmi, ẹyin lásán, ẹ ń kó o sómi wò kẹ́ ẹ tó rà á. Omi fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyá Hafeez, ẹ má lé àyálégbé fún mi o."

Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ. Àyálégbé kó wọlé, tòun tọmọ mẹ́ta. Onílé mẹ́jọ míì rí mi, wọ́n nu tiwọn.

Nílé òkú, omi inú ọ̀rá la mu, báágì mẹ́rìnlá. Kò sí onílé kan tó fa omi nínú kànga. A kúkú gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, ta ló jókòó lé ìwé Nàfísátù? Ẹ dárúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé ẹ̀rọ yín wá. Ẹ̀yin oníléeṣẹ́, ẹ ṣí gọ́tà yín ká wò ó. Èmi ti tún àmì fà sórí kànga tèmi, mo sì ti sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn àyálégbé mi.

Ó ku ẹ̀yin onílé mẹ́jọ tẹ́ ẹ nu tiyín. Mo mọ ojúlé yín.