Orin Tí Mo Kọ́ Ngozi

Lánàá, fèrè olùkọ́ eré ìdárayá dún ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ògiri wa, àwọn ọmọbìnrin sì bú sórin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀. Èmi arúgbó yìí, ojú tì mí níbi tí mo jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi.

Ní ọdún 1966, New Haven ní Enugu là ń gbé, nítorí akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi. Mo wà ní kíláàsì kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin, níbi tí eruku pupa kì í ti í jẹ́ kí ìbọ̀sẹ̀ funfun ẹnikẹ́ni funfun di ọ̀sán. Èmi ni mo máa ń lé orin fún ilé aláwọ̀ ewé, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó ń figagbága lọ́jọ́ eré ìje, títí Ngozi fi dé láti ìlú Amechi. Ohùn ọmọ náà! Bó bá lanu, àwọn tó ń gé koríko á dáwọ́ dúró. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí olùkọ́ wa fi gba orin lẹ́nu mi fún un.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ngozi di ọ̀rẹ́ mi, ó ń tẹ̀ lé mi wálé. Èmi ọmọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ni mo fi ń dá ìyá mi lóhùn, Ngozi ní tirẹ̀ á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàsán, mà." Dòdò tó tóbi jù ni ìyá mi á bù fún un. "Ẹ wá wo ọmọ!" ni yóò máa wí. Tèmi kì í dùn lẹ́nu mi mọ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Owú fẹ́ẹ̀ pa mí.

Nígbà tí eré ìje kù sí dẹ̀dẹ̀, Ngozi ní òun fẹ́ fi ìlà Yorùbá kan sínú orin, kí inú ìyá mi lè dùn. "Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé àwa la borí?" Kò sí ọmọ Yorùbá mìíràn ní ilé aláwọ̀ ewé. Mo wò ó lójú kòrókòró, mo ní, "A ti fìdí rẹmi."

Ilé wa gba ipò kìíní. Ngozi fò sókè, gbogbo wọn gbè é: "A ti fìdí rẹmi o! A ti fìdí rẹmi!" Àwọn Yorùbá díẹ̀ tó wà láàárín àwọn òbí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ngozi sáré wá bá a: "Mà, ṣé ẹ gbọ́?"

Ìyá mi gbá a mọ́ra. "Mo gbọ́, ọmọ mi. Ó dùn."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

Mo ní màá jẹ́wọ́ lọ́la; ọ̀la di oṣù. Kí ọdún tó parí, ìlú dàrú, a sì ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti pa dà sí Ìbàdàn. Ngozi wá ràn wá lọ́wọ́. Ibi tí a ti ń fi okùn di àpótí ni mo ti fi ẹkún sọ ọ́ jáde.

Ó ń so okùn rẹ̀ lọ. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rín wọn pọ̀ jù."

"Kí ló dé tí o kò bá mi jà?"

"Tí mo bá bá ẹ jà, ta ló máa mú mi wá sọ́dọ̀ màmá?"

Ìyá tó bí Ngozi ti kú láti kékeré rẹ̀. Mo mọ̀; n kò kàn rò ó rí ni.

Ogun dé. Nígbà tó parí, a kọ lẹ́tà mẹ́ta, èsì kò wá. Ẹ̀yin òde òní ń rí ojú ọ̀rẹ́ yín lórí fóònù níbi tó wù kó wà, ṣùgbọ́n owú tó ń wọ àárín ọ̀rẹ́ kò tíì yí pa dà. Títí ìyá mi fi jáde láyé, bó bá ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ fún àlejò, ó máa ń ka ti Ngozi mọ́ wa. Nígbà tí ogbó wá ń mú un gbàgbé, èmi ni mo máa ń bá a pe orúkọ náà.