Hàmdálátù àti Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ tí Alájì Jókòó Lé

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́ ti Hàmdálátù. Dandan ni kí ẹ gbọ́ ọ, torí ẹni tí kò bá gbọ́ ọ kò tíì mọ bí ẹrẹ̀ ṣe ń fi ojú èèyàn rí màbo.

Ọmọ Fàrúkù olóbì ni, ní Ṣàgámù. Láti kékeré ló ti ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbé agbọ̀n obì láti oko wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Tí ẹ bá ti gbé agbọ̀n obì gba ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò rí, ẹ ó mọ̀ pé ìdíje kankan kò lè dẹ́rù ba irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ eré ẹrẹ̀ lẹ́yìn ìlú Ìkẹ́nnẹ́, òun náà dara pọ̀ mọ́ wọn.

Eré yẹn dùn ju bọ́ọ̀lù lọ lójú tèmi. Kì í ṣe ti orí títì ọlọ́dà. Inú koríko, inú yanrìn, inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń gbà, wọ́n á máa yípo ibì kan náà. Wọ́n á fi pákó dínà, oníkẹ̀kẹ́ á bọ́ sílẹ̀, á gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, á fo pákó, á tún gùn ún. Ẹrẹ̀ Rẹ́mọ sì rèé, pupa, ó ń lẹ̀ bí àtè. Ó ń jẹ bíréèkì bí eku ṣe ń jẹ ọṣẹ, kí oṣù sì tó parí, ṣéènì tuntun á ti máa ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ta okùn yí ká ni òfin ti gbà kí èèyàn pààrọ̀ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bó bá fọ́ níbòmíràn, èjìká ni ẹ ó fi gbé e débẹ̀.

Fàrúkù ti wá sọ̀rọ̀. Ó ní bí Hàmdálátù kò bá wọ ipò mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú eré oṣù yìí, ó parí nìyẹn, kẹ̀kẹ́ di ti ẹrù obì nìkan. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbèjà ọmọ náà nínú ilé ni ẹ̀gbọ́n Fàrúkù, Alájì Lìádì, tó ń tajà ní Ogijo. Alájì yìí kan náà ló lọ ra ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ méjì fún un. Kábọ̀n ni, ohun fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe kẹ̀kẹ́ olówó ńlá, ó dúdú, ó ń dán, ìka kan lẹ lè fi gbé e sókè. Ó rẹwà débi pé mo fọwọ́ pa á lára. Ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò léyín rárá, ti orí ọ̀dà ni. Ẹ gbé e wọ ẹrẹ̀, ó di ẹni tó wọ sálúbàtà rìn lórí ọbẹ̀ ilá.

Ẹsẹ̀ irin àtijọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ó wúwo, ó ti dípẹtà, sípókì méjì ti tẹ̀. Táyà rẹ̀ gbòòrò, ó léyín, ó sì mọ ilẹ̀ yẹn bí ewúrẹ́ ṣe mọ ilé.

Kíkí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ń dúró níbi ìpààrọ̀ fún un, sọ fún un láàárọ̀ eré pé, "Onírin ni kó o gbé wọ̀ jàre."

"Kí Alájì wá rí mi?"

"Alájì ń bọ̀ ni?"

"Ó ti wọkọ̀."

Kíkí gbé ẹsẹ̀ irin náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ló fẹ́ sọ? Ohun tí àgbà bá fún èèyàn, ó fẹ́ rí i lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wá. Tí ó bá fi kábọ̀n sílẹ̀, Alájì á bínú, kò ní sí agbẹjọ́rò mọ́ nílé. Tí ó bá sì gbé e wọ̀, ẹrẹ̀ á gbé e ṣánlẹ̀. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí.

Alájì dé nínú agbádá funfun. Ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà wò. "Mo ní kí fọkanáísà fẹ́ atẹ́gùn sí i dáadáa. Wò ó, ó le bí òkúta."

"Ẹ ṣé gan-an, Bàbá."

Bí Alájì ṣe yí ẹ̀yìn padà, Hàmdálátù bọ́ sẹ́yìn igi kan, ó dín atẹ́gùn náà kù títí táyà fi rọ̀ bí tòmátì tó pọ́n. Ọgbọ́n rẹ̀ nìyẹn: kábọ̀n wà lára kẹ̀kẹ́, ojú Alájì tó o, táyà sì rọ̀ tó láti di ilẹ̀ mú. Ó sì ṣiṣẹ́. Títí wọ́n fi yípo dé ìdajì eré, ipò kẹta ló wà.

Lẹ́yìn náà ló kan gbòǹgbò igi obì kan. Táyà tó ti rọ̀ kò lè gba ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ gbòǹgbò. Ó gbọ́ kọ́ọ́, bí ìgbà tí wọ́n pa awùsá. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, kábọ̀n ti là.

Ó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, ó sáré. Ẹni méjì kọjá lára rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìpààrọ̀, kò rí ẹsẹ̀ irin mú.

Kíkí ti kó ẹsẹ̀ irin méjèèjì lé orí agbọ̀n obì tó dojú dé, kí wọ́n má bàa rẹ. Alájì sì ti wá ibi gbígbẹ tì, ló bá tẹ́ ìwé ìròyìn lé wọn lórí, ó jókòó. Lójú tiẹ̀, ẹsẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì kò tún níṣẹ́ míì ju àga lọ.

Kíkí sọ ọ́ sí i létí pé, "Mo ti gbìyànjú. Mo ní kí wọ́n dìde na ẹsẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn gùn tó."

Ta ní í sọ fún àgbà pé kó dìde lórí ìjókòó? Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu Hàmdálátù ju kẹ̀kẹ́ tó wà léjìká rẹ̀ lọ. Oníkẹ̀kẹ́ mìíràn kọjá. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Bàbá."

"Hàmdá. Ó ti tán?"

"Kò tíì tán sà. Ẹsẹ̀ yìí ló fọ́."

Alájì wò ó. "Fọkanáísà yẹn. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ ẹ tó."

Hàmdálátù lè gbà bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ kí fọkanáísà rù ú. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní gbé Alájì dìde.

"Fọkanáísà kọ́, Bàbá. Èmi ni mo dín in. Táyà líle kò lè dúró nínú ẹrẹ̀ yìí, kábọ̀n náà kò sì lè gba gbòǹgbò. Èyí tí ẹ jókòó lé yẹn ni mo fẹ́."

Alájì wo abẹ́ ara rẹ̀. "Kí n dìde?"

"Ẹ forí jì mí, sà."

Ó kó agbádá rẹ̀ jọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dìde, ìwé ìròyìn sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Kíkí ti fa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yọ kó tó nàró tán.

Ẹ̀ bá rí bí ọmọ yẹn ṣe lọ. Eyín táyà ń bu ẹrẹ̀ jẹ, ẹrẹ̀ ń fò. Ó kọjá ẹnì kan, ó kọjá èkejì. Ibi tó ti fẹ́ kọjá ẹ̀kẹta ni okùn ìparí wà.

Fàrúkù ti ń dúró nídìí okùn náà. "Ipò kẹrin. Mo ti sọ tèmi."

Hàmdálátù kò lè gbójú sókè.

"Fàrúkù," ni Alájì, tó ti rìn dé ibẹ̀, pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ta ló fọ́?"

"Tiyín ni."

"Ṣé ọmọ ló kùnà ni, àbí ohun tí mo fún un?"

Fàrúkù wo ilẹ̀. Ta ní í sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ẹ̀bùn rẹ̀ kò dára? Okùn tó de ọmọ láàárọ̀ ló de bàbá lọ́sàn-án. "Kò sẹ́ni tó kùnà, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Ọmọ ń padà bọ̀ sí eré lóṣù tó ń bọ̀ nìyẹn."

Hàmdálátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí kanlẹ̀ ni Alájì gbọ́wọ́ lé e léjìká. "Má ronú. Mo ti rí òmíràn ní Ogijo. Kábọ̀n náà ni, ó tún fúyẹ́ ju tàkọ́kọ́ lọ. Èmi fúnra mi ni n ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, n ó sì dúró tì í."

Kíkí yí ẹ̀yìn padà, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni Hàmdálátù wí, ó tún kúnlẹ̀.

Eré oṣù tó ń bọ̀ kò ní pẹ́ dé. Ẹ wọkọ̀ Ìkẹ́nnẹ́, ẹ lọ fi ojú ara yín rí i. Ẹ má tíì wo ẹni tó ṣáájú o. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó wà lábẹ́ Hàmdálátù, kí ẹ tó wá wo ohun tí Alájì jókòó lé.