Aṣọ Àrán Méjì ní Gbọ̀ngàn Fegge

Ọjọ́ tí Tísà Emeka kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Iweka Road, ó ní òun fẹ́ aṣọ tí yóò já bọ́ lára ènìyàn. Mo ní kó tún un sọ. Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ ní Ṣakí títí mo fi dé Onitsha lẹ́yìn ogun, ohun tí àwọn oníbàárà ń bẹ̀ mí fún ni pé kí aṣọ má já.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé. Olùkọ́ ni ní ilé eré unifásitì kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ń kó sínú lọ́rì wá ṣeré fún wa ní gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Fegge. Ogun ti ṣí òrùlé gbọ̀ngàn náà lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ló gun orí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn káfíńtà àdúgbò, tí wọ́n kan páànù tuntun sí i. Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín. Gbọ̀ngàn yẹn ni a ti tún un kọ́. Àwọn ìyàwó ilé á gbé àga tiwọn wá, àwọn ará Awada á fẹsẹ̀ rìn wá, eré á sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé ní èdè Igbo àti Pijin.

Eré tuntun náà dá lórí olóyè ọ̀kánjúwà kan tí aṣọ yóò bọ́ lára rẹ̀ níkẹyìn lójú gbogbo ayé. Mo fi àrán pupa rán aṣọ náà, ó gùn dé ilẹ̀. N kò gbé èjìká àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Táàkì ni mo fi dì wọ́n, ìyẹn ìránfọwọ́ gbọọrọ tí àwa aránṣọ fi ń mú aṣọ dúró fún ìgbà díẹ̀. Òwú kan ṣoṣo ló lọ yí gbogbo rẹ̀ ká, mo sì jẹ́ kí ẹnu òwú náà yọ díẹ̀ ní abíyá. Bí òṣèré bá ti fà á, ó parí.

Aṣọ yìí ni mo gbé kọ́ nígbà tí Chief Okoli wọlé. Òun ló ń ta sìmẹ́ńtì jù ní àdúgbò wa. Owó epo rọ̀bì ti dé, gbogbo ènìyàn ń kọ́lé, sìmẹ́ńtì rẹ̀ kò sì ríbi gbà mọ́. Ó fọwọ́ pa àrán náà.

“Madam, ta ló ni èyí?” Pijin ni àwa méjèèjì jọ máa ń sọ.

“Olóyè kan ni, sà.” Irọ́ kọ́ ni mo pa.

“Rán irú ẹ̀ gan-an fún mi. Àwọn ará unifásitì ní kí n wá ṣe alága eré wọn. Ọjọ́ yẹn ni n óò sọ fún wọn pé mo ti gba gbọ̀ngàn yẹn lọ́wọ́ onílé. Sìmẹ́ńtì mi ló máa wà níbẹ̀ láti oṣù tó ń bọ̀.”

Mo wọ̀n ọ́n, mo sì rán tirẹ̀ kó le dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn yẹn dùn mí. Nígbà tó lọ tán, mo tú aṣọ òṣèré, mo fẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n ikùn Chief kí òṣèré lè jọ ọ́, mo sì tún fi táàkì dì í. Òṣèré á fi ìrọ̀rí dí àyè tó bá kù. Ìkà tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kò ju ìyẹn lọ. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, àṣìṣe ni.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo lọ aṣọ méjèèjì, mo fi ìwé ìròyìn dì wọ́n. Dírẹ́bà Chief gbé ọ̀kan, Tísà gbé èkejì.

Gbọ̀ngàn kún. Chief jókòó níwájú nínú àrán pupa. Bí òṣèré ṣe jáde nínú àrán pupa tirẹ̀, pẹ̀lú ikùn kan náà, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì rọra rìn dé iwájú. Chief nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí eré dé ìparí, òṣèré ki ọwọ́ bọ abíyá, ó ń wá òwú. Ó wá a lápá ọ̀tún, ó wá a lápá òsì. Ó fa aṣọ títí, aṣọ kò gbọ́. Mo mọ ẹni tí mo rán aṣọ líle yẹn fún. Mo wo Chief.

Ó ti dìde, ó ń gun orí ìtàgé lọ láti sọ̀rọ̀. Mo sáré gba àárín àwọn àga.

“Chief, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé apá yín sókè.”

“Madam, lọ jókòó.”

Ó kojú sí èrò. “Ẹ̀yin ará Fegge,” ó na ọwọ́ sí òrùlé, “láti oṣù tó ń bọ̀…” Ibẹ̀ ló ti rí fọ́nrán òwú tó yọ lábẹ́ apá rẹ̀. Chief kì í fẹ́ kí nǹkan kan wọ́ lára aṣọ òun. Ó fà á.

Àrán náà là sí méjì, ó sì wó lulẹ̀. Chief dúró nínú ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti lu ní ìdodo. Ìyá àgbà kan níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ó rò pé ìparí eré nìyẹn. Kíá ni Tísà Emeka bẹ́ sórí ìtàgé, ó gbé ọwọ́ Chief sókè, ó ní, “Òṣèré wa tuntun nìyí, Chief Okoli.” Àtẹ́wọ́ tó dún, páànù orí wa gbọ̀n. Chief wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá rọra tẹrí ba, lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, òun fúnra rẹ̀ ló wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi kí nǹkan kan lè wà láàárín àwa méjèèjì.

“O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?”

“Rárá, Chief. Mo gbé wọn ṣì ni. Ẹ má bínú.”

Ó jókòó. “Àwọn tó máa ń sá fún mi tẹ́lẹ̀ ló ń dá mọ́tò mi dúró. Wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo ni eré tó kàn.”

“Kí lẹ sọ fún wọn?”

“Mo ní oṣù tó ń bọ̀.”

“Sìmẹ́ńtì yín ńkọ́?”

“Ṣé orí sìmẹ́ńtì ni o fẹ́ kí n ti ṣeré ni?”

Títí mo fi padà sí Ṣakí ni mo fi ń ránṣọ fún ilé eré yẹn, Chief sì kó ipa nínú ọ̀pọ̀ eré wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé tí mò ń sọ yìí, ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

“Madam, bí o bá tún máa gbé e ṣì, kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí n wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tuntun.”