Ìgbọ̀nwọ́ Bàbá Nóà

Ọjọ́ Ìsinmi kan báyìí, pásítọ̀ ń wàásù lórí Èlíjà àti àwọn ẹyẹ ìwò tí ń gbé oúnjẹ wá fún un. Ìwàásù náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó na ọwọ́ sí ojú fèrèsé, ó ké: "Ọlọ́run tó rán ẹyẹ sí Èlíjà, yóò rán ẹyẹ sí ìwọ náà!" Kò tíì pa ẹnu dé tí nǹkan fi dún gbìì lára ògiri, tí adìẹ mẹ́rìnlá sì gba ojú fèrèsé náà wọlé. Ọ̀kan bà sórí dùùrù. Ọ̀kan bà sórí Bíbélì pásítọ̀ gan-an. Àwọn akọrin ti gun orí àga, alàgbà kan tí oorun ń kùn sì ta jí, ó pariwo "Àmín!" Nígbà náà ni ọkùnrin kan dìde ní ìlà ẹ̀yìn, ó di fìlà rẹ̀ mú mọ́ àyà. "Ẹ má bínú, Pásítọ̀," ó ní. "Ìwọ̀nyí kì í ṣe ti Èlíjà. Tèmi ni."

Bàbá Nóà nìyẹn. Oko rẹ̀ wà lórí òkè, ṣọ́ọ̀ṣì wà nísàlẹ̀. Ó ti kan ilé adìẹ kan tó ní táyà mẹ́rin, kí ó lè máa tì í láti ibì kan dé ibì kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn adìẹ lè fi ajílẹ̀ sí gbogbo ilẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ṣọ́bìrì. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ elégédé ló fi há táyà iwájú kí ó má bàa yí. Ewúrẹ́ sì jẹ elégédé náà tán.

"Gbogbo òkúta tó kún oko yìí," ni ìyàwó rẹ̀ wí bí wọ́n ṣe ń kó adìẹ relé, "elégédé lẹ rí?"

"Ìyàwó, ọjọ́ Ìsinmi lòní. Mo rò pé ewúrẹ́ náà máa sinmi ni."

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí Bàbá Nóà ti kú. Bí àwọn ará àdúgbò bá wá kí Màmá, ìyàwó rẹ̀, ìtàn adìẹ yìí ni wọ́n máa ń sọ ṣáájú, Màmá á sì bá wọn rẹ́rìn-ín dáadáa, torí pé ìtàn náà kò gbó. Ìgbà tí wọ́n bá lọ tán ni ìnira máa ń dé. Ilé á pa lọ́lọ́. Kò sí ẹni tó ń kan ìṣó níbì kankan.

Káfíńtà àdúgbò ló sọ ọ́ ní Bàbá Nóà. Àwọn méjèèjì jọ ń kan àká àgbàdo lọ́dún kan, káfíńtà yọ téèpù jáde, Bàbá gbá a dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orí pákó, ó na ìka, ó fi èédú fàlà. Gbogbo ohun tó kàn láyé rẹ̀, láti ìgúnpá dé ṣóńṣó ìka àárín ló fi wọ̀n ọ́n.

"Bàbá, ayé ti kúrò níbẹ̀ o," ni káfíńtà wí.

"Ọkọ̀ Nóà ńkọ́? Kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?"

"Ìgbọ̀nwọ́ ni."

"Ṣé ó rì?"

Káfíńtà ká téèpù rẹ̀ sápò. Ilé adìẹ onítáyà kò jọ ọkọ̀ Nóà rárá, àmọ́ orúkọ náà ti mọ́ ọn lára.

Àsìkò kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀ lóko náà. Tí àgbàdo bá ti ń gbó, ẹyẹ ni ọ̀tá. Ó fi igi àti koríko mọ ère kan, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ wọ̀ ọ́, ó dé e ní fìlà, ó tẹ̀ ẹ́ níbàdí díẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń tẹ̀ níbi iṣẹ́. Ère náà dára ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyàwó alàgbà kan gba ẹ̀gbẹ́ oko kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbọ́ èsì. Ó fẹjọ́ ìgbéraga sùn nínú ìjọ. Wọ́n pe Bàbá Nóà, ó fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ títí dé òpin, ó mi orí. "Òótọ́ ni, kò dára bẹ́ẹ̀," ó ní. "Màá délé bá a sọ ọ́."

Ère náà ṣì wà níbẹ̀. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná ni Màmá ti ń rí i. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní lẹ́yìn ìsìnkú, ó gbé omi kaná láàárọ̀, ó bojú wo ìta, ó sì ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó ti dúró de èsì kí ó tó rántí.

Ọ̀rọ̀ ìka Bàbá Nóà tó gé ńkọ́? Lẹ́yìn ìkórè ọdún kan, ó tú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ palẹ̀, ó fi ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa yọ àgbàdo lára ṣùkù. Ẹ̀rọ náà yọ àgbàdo lóòótọ́. Ó yọ orí ìka àárín Bàbá Nóà pẹ̀lú, láti oríkèé òkè. Màmá di í ní aṣọ, ó ń sunkún, ọkọ rẹ̀ ló wá ń tù ú nínú.

"Dákẹ́, Ìyàwó. Ìka mẹ́wàá ni Olúwa fún mi. Ó gba ìdámẹ́wàá rẹ̀ ni."

Màmá nu ojú, ó wo ìka náà. "Ìdámẹ́wàá kọ́ nìyí. Odidi ìka kan ni ìdámẹ́wàá. Ẹ ti tún yọ díẹ̀ pa mọ́ nínú ohun Ọlọ́run."

Nǹkan tí kò sẹ́ni tó rò nígbà yẹn ni pé ọkùnrin náà ní bẹ́ǹṣì kan lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni yóò ní, ìgbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan ni gíga ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ti gé méjì kí ẹ̀rọ tó gé òun. Nígbà tí ọgbẹ́ jinná, ó gé méjì yòókù, ó wọ̀n wọ́n bó ṣe máa ń wọ̀n nǹkan, láti ìgúnpá dé ibi tí ìka parí sí. Ó kan gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jókòó, bẹ́ǹṣì dà á sílẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni Màmá fi bá bẹ́ǹṣì yẹn jà. Ẹni bá jókòó sí etí ibẹ̀, bẹ́ǹṣì á tẹ̀ síwájú, kọ̀ǹkọ̀. Pásítọ̀ da tíì gbígbóná sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Ó ń kí yín ni," ni Bàbá Nóà máa ń sọ fún àlejò. "Ẹ dá a lóhùn."

"Ẹ gé àwọn méjì tó gùn yẹn kúrú," ni Màmá máa ń wí.

"Ó ku díẹ̀, màá ráyè fún un."

Àmọ́ ní ọjọ́ kan tí Màmá fúnra rẹ̀ gbé ayùn síta, ó yára gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Fi wọ́n sílẹ̀, Ìyàwó," ó ní, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. "Ìka mi ṣì pé nínú àwọn méjì yẹn."

Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn ni ti omi. Kànga oko máa ń gbẹ lọ́dọọdún, Màmá á sì máa ru omi láti odò, gba ojú ọ̀nà tó ń yọ̀. Bàbá Nóà ní òun yóò ṣe gọ́tà páànù láti orí òrùlé àká, lórí òpó mẹ́fà, gba ẹ̀gbẹ́ òkè dé inú táńkì lẹ́yìn ilé ìdáná. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló fi rò ó. Ó kọ gíga òpó kọ̀ọ̀kan sára ògiri àká: òpó kìíní, ìgbọ̀nwọ́ mẹ́jọ; òpó kejì, ìgbọ̀nwọ́ méje àti ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta; bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀kẹfà. Ó ti ri mẹ́ta mọ́lẹ̀ nígbà tí àìsàn dé.

Màmá gbààwẹ̀. Ó gbàdúrà. Ó rán Ọlọ́run létí àwọn ìlérí Rẹ̀ pẹ̀lú orí àti ẹsẹ, bí ẹni tó ń ka ìwé ẹ̀rí ní kóòtù. Bàbá Nóà kú ní ọjọ́ Ẹtì, ní ọ̀sán gangan. Láti ìgbà náà, Màmá kò pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ó ń kọrin, ó ń ṣe àmín. Àmọ́ bó bá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, ẹjọ́ kan ṣoṣo ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu: "Olúwa, ó ku òpó mẹ́ta péré. Ṣé Ẹ ò lè dúró ni?"

Èsì kò wá.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá. Nọ́ọ̀sì ni, ìlú ló ń gbé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ní kọ́nà. "Màámi, ẹ máa ṣubú lójú ọ̀nà odò yẹn lọ́jọ́ kan, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ̀. Tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ tí omi ò dé inú táńkì yẹn, ẹ̀ ń bá mi lọ. A máa fi oko háyà."

"Kí ni mo fẹ́ máa ṣe ní ìlú?"

"Ẹ máa sinmi."

"Bíi ti ewúrẹ́," ni Màmá wí. Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó mú ojú le.

Wọ́n ránṣẹ́ sí káfíńtà. Ó wo gbogbo ẹ̀, ó ní òun á fi okùn àti téèpù wọ̀n ọ́n lákọ̀tun, ọjọ́ kan ni.

"Rárá o," ni Màmá wí. "Bó ṣe kọ ọ́ sára ògiri ni kí o ṣe é."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n—"

"Bó ṣe kọ ọ́."

Káfíńtà mí kanlẹ̀. Ó na apá tirẹ̀, ó wọn ìgbọ̀nwọ́ láti ìgúnpá dé ṣóńṣó ìka, ó gé òpó mẹ́ta, ó rì wọ́n, ó to páànù sórí gbogbo wọn. Ó gun àkàbà, ó da garawa omi kan sí gọ́tà lórí àká. Omi náà ṣàn dáadáa dé òpó kẹta. Ó dúró níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó yí padà, ó sì da gbogbo ara rẹ̀ sórí káfíńtà tó ti sọ̀kalẹ̀ wá wò ó lábẹ́ gọ́tà.

"Ọkọ̀ Nóà rì lónìí," ni káfíńtà wí, omi ń kán ní imú rẹ̀.

Òkè ìlà oòrùn ti ṣú. Nọ́ọ̀sì wo ojú ọ̀run, ó wo ìyá rẹ̀. Ó wọlé lọ, Màmá sì gbọ́ tí ó ń fa àpótí aṣọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbọ́ ọ, kò lè ṣe nǹkan kan. Àárẹ̀ mú un lójijì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Bẹ́ǹṣì tẹ̀ síwájú, kọ̀ǹkọ̀.

Màmá di etí bẹ́ǹṣì mú. Ó wo ẹsẹ̀ méjì iwájú. Ó wo ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn. Ó fò dìde bí ọmọge.

"Káfíńtà! Ìka rẹ mélòó ló pé?"

"Màmá?"

"Ìka rẹ pé! Ti Bàbá ò pé! Gbé téèpù rẹ wá!"

Wọ́n dojú bẹ́ǹṣì bolẹ̀ nínú àgbàlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá nà sókè bí òkú ẹran. Káfíńtà wọn ẹsẹ̀ tó kúrú, ó wọn òpó àkọ́kọ́ tí Bàbá Nóà rì fúnra rẹ̀, ó fi ọ̀kan pín èkejì. Ó tún un ṣe. Ó bọ́ fìlà. "Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́jọ," ó ní. "Gẹ́lẹ́. Bàbá yìí, ẹ pa mí o!"

Ó tún òpó mẹ́ta tirẹ̀ gé sí ìgbọ̀nwọ́ Bàbá Nóà. Ayùn ló wá ń sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì jáde, ó fẹ́ béèrè nǹkan, ó rí ojú ìyá rẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó di ìdí òpó mú fún káfíńtà. Páànù tó kẹ́yìn ni wọ́n ń so nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bà lé e, táà.

Òjò náà kò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ojú ọ̀run ló já. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sá sábẹ́ òrùlé ilé ìdáná, wọ́n ń wo gọ́tà. Omi kúrò lórí àká, ó gba òpó kìíní, ó gba ìkejì, ó dé ẹ̀kẹta. Màmá mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Omi kọjá ẹ̀kẹta. Ó kọjá ẹ̀kẹrin. Ó wọ inú táńkì pẹ̀lú ariwo bí ẹni tó ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn tó sì ní ìròyìn. Ibi ìsopọ̀ kan ló ń jò, ibẹ̀ sì ni ọ̀gangan ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ń kán sí Màmá lórí, tó, tó, tó.

"Ó ku díẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí, ó fi ohùn bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bí àwọn méjèèjì ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Màmá ló wá ń tù ú nínú.

Àpótí aṣọ padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí nọ́ọ̀sì tó lọ, Màmá kúnlẹ̀ níbi tó máa ń kúnlẹ̀ sí. "Olúwa," ó ní, "ẹ ṣé fún òjò. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa kò tíì tán o. Àmọ́ ẹ ṣé." Ó dìde. Àdúrà náà kò gùn, àmọ́ tirẹ̀ ni.

Káfíńtà wá wo ibi tó ń jò. Nígbà tó ṣe é tán, ó na ayùn rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ bẹ́ǹṣì. "Màmá, níwọ̀n ìgbà tí mo ti wà níbí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

"Fi í sílẹ̀," ni Màmá wí. "Ìka rẹ̀ ṣì pé níbẹ̀."

Lẹ́yìn tí káfíńtà lọ, ó gbé bẹ́ǹṣì náà síta, níbi tí ó ti lè máa wo oko àgbàdo àti ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá lára ère àárín rẹ̀. Ó jókòó sí etí. Bẹ́ǹṣì tẹ̀ síwájú, kọ̀ǹkọ̀, ó kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Màmá dá a lóhùn.