Ẹ̀rí Tí A Tètè Jẹ́

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Dallas níbí, iṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ńlá ni wọ́n fún un. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ló gbà mí pé kí n máa lọ bá àwọn tó ni iléeṣẹ́, kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn kẹ́kọ̀ọ́ láàárín àkókò iṣẹ́, kí ó lè bọ́ sí ipò tó dára ju èyí tó wà lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì á wá olùkọ́, ọ̀gá á yọ̀ǹda ọ̀sán méjì lọ́sẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ ò mọ bí ojú ọ̀gá ṣe máa ń rí tó bá gbọ́ "ọ̀sán méjì".

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní ilé ìtọ́jú arúgbó ní Balch Springs, lẹ́bàá Dallas níbí. Dádì la máa ń pè é. Gbogbo ìgbà tí mo bá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: "Tí mo bá jẹ́ kí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ tán, tí wọ́n wá gba ibòmíràn lọ ńkọ́?" Èmi náà á ní, "Rárá o, Dádì. Ẹni tí ẹ bá ràn lọ́wọ́ ò ní fi yín sílẹ̀." Mo sọ ọ́ títí èmi alára fi gbà á gbọ́.

Torí obìnrin kan ni mo ṣe ń yọ Dádì lẹ́nu. Ṣọ́ọ̀ṣì wa lòun náà ń lọ, ilé Dádì ló sì ti ń ṣiṣẹ́: á gbé àwọn arúgbó dìde, á wẹ̀ wọ́n, á pààrọ̀ ìlédìí wọn. Ó jù mí lọ dáadáa, Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń kọṣẹ́. Tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mi, á kọ́kọ́ di ilẹ̀kùn mú, á mí kanlẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kó yé gbé èèyàn. Tó bá di nọ́ọ̀sì, oògùn ni yóò máa pín, ẹ̀yìn á sinmi. Tí kò bá rí kíláàsì yìí ṣe, mi ò mọ ohun tí yóò máa jẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Dádì gbà. Ó ní, "Ó dáa, ó ti tó. Kó bọ́ sí kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Nítorí tìẹ ni o." Inú ọkọ̀ níwájú ilé náà ni mo ti pe Ẹ̀gbọ́n, ó figbe ta. Èmi náà sunkún díẹ̀, kí n má purọ́.

Àmọ́ kí ọjọ́ Ajé tó dé, ọjọ́ Ìsinmi dé. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ wá. Oore ò gbọdọ̀ pẹ́ lọ́wọ́ wa ká tó jẹ́rìí sí i, kí Sàtánì má baà já a gbà. Wọn ò tíì pe àwọn ẹlẹ́rìí tán tí Ẹ̀gbọ́n fi jó dé iwájú, ó gba makirofóònù.

"Ẹ bá mi yin Olúwa! Ọlọ́run ti mú mi kúrò lóko ẹrú! Ìgbẹ́ tí mò ń nù ti dópin! Lọ́dún tó ń bọ̀, ọsibítù ńlá lẹ ó ti máa wá kí mi!"

Gbogbo ìjọ ké "Àmín!" Dádì wà ní ìlà iwájú, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti pàtẹ́wọ́. Ó rọra gbé wọn padà sórí itan. Háà, mo gbé!

Mo sáré bá a níta lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Ilé mi loko ẹrú, àbí?"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí a ṣe máa ń jẹ́rìí nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yin náà ṣí ilé yẹn, ẹ jẹ́rìí níwájú wa. Ẹ ní oko ẹrú ni Ọlọ́run mú yín kúrò, níbi tí ẹ ti ń bá òyìnbó gbé arúgbó."

Mo rò pé mo ti mú un. Ó wò mí, kò tilẹ̀ jọ ẹni tó ń bínú mọ́.

"Òótọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé mo wá padà síbẹ̀?"

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, òṣìṣẹ́ ilé náà mìíràn, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn, ni Dádì fi rọ́pò Ẹ̀gbọ́n ní kíláàsì. Ọmọ náà tiẹ̀ bi olùkọ́ pé kíláàsì kí ni. Ẹ̀gbọ́n ti lọ aṣọ rẹ̀, ó ti jókòó ní kíláàsì, kí wọ́n tó ní kó dìde, kó máa lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀sán ló pè mí.

"Àbúrò mi, kí ni mo ṣe fún Dádì?"

Mo sọ fún un.

"Ẹ̀rí lásán? Mo mà ti jẹ́ ẹ o. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìjọ báyìí? Ṣé kí n jáde lọ sọ fún wọn pé Ọlọ́run ti dá mi padà ni?"

Mo gbọ́ aago tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí àwọn arúgbó fi ń pe òṣìṣẹ́. Ó ní, "Dúró ná. Màmá kan ni, mo fẹ́ lọ gbé wọn dìde."