Ìyá Tó Ń Tún Kimónò Gbogbo Ayé Ṣe

"Ìyá Sugako, bí ẹ̀yin fúnra yín bá ṣì í, ta ló máa tún un ṣe fún yín?"

Kozue ló béèrè, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí olùkọ́ pàápàá máa ń gbàgbé pé ó wà ní kíláàsì. Bí ó ti sọ ọ́ tán, ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ọ̀gbẹ́ni Hoshina tó ni ilé ìpàtẹ náà tẹjú mọ́ àjà, àfi bí ẹni pé àjà ló sọ̀rọ̀.

Ìyá Sugako kò hun aṣọ rí, kò rán aṣọ rí, kò sì rẹ ẹ́ láró rí. Iṣẹ́ tó yàn fún ara rẹ̀ ni kó máa tún kimónò, aṣọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ Japan, ṣe sí ẹlòmíràn lára, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Bí obìnrin kan bá ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní ìlú Ojiya, tó sì fura pé ẹnì kan ń fa ọ̀já ìdí òun lẹ́yìn, kó má wulẹ̀ pariwo olè. Ìyá Sugako ni.

"Dúró dáadáa! Ọrùn aṣọ rẹ ti gun etí, ṣé òtútù ń mú ọ ni? Ta ló so ọ̀já yìí, ẹni tó ń di ẹrù koríko?"

Ojú ọkọ ni, ojú àna ni, kò kàn án. Ó ti dá ìyàwó tuntun dúró rí lẹ́nu ọ̀nà ojúbọ, tí àwọn ayafọ́tò fi dúró títí ẹsẹ̀ wọn fi kú sínú yìnyín. Ìyá Takizawa tó ń ta nudulu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ti kó gbogbo kimónò rẹ̀ sínú àpótí, ó ní ṣòkòtò kò ní alámòójútó. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ti Ìyá Sugako, orí tí kò wọ́ náà, yóò yí i wò.

Ó sì máa ń fọ́nnu pé ojú òun mú ju ti àṣá lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí kò ti rí ọ̀ọ́kán mọ́, ṣùgbọ́n ó ní awò ojú kì í bá kimónò mu.

Ní ìparí oṣù kejì, nígbà tí yìnyín ga dé ojú fèrèsé, Ọ̀gbẹ́ni Hoshina pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ará ìlú sínú ilé kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe míso, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ń sé bí irú, tẹ́lẹ̀, tí òórùn rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára ògiri. Àpò tí wọ́n fi àjákù kimónò rán wà níbẹ̀, bàtà koríko wà níbẹ̀. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni ère igi kan tó wọ aṣọ tí Fusae, ìyá àgbà Kozue, hun. Aṣọ fẹ́lẹ́ ni, okùn inú ewéko ni wọ́n fi hun ún, orí yìnyín ni wọ́n sì ti sá a títí ó fi mọ́ gbòò. Ọjọ́ òtútù ọdún mẹ́ta ló ná Fusae. Láti ọgọ́ta ọdún tó ti ń hunṣọ, àwọn oníṣòwò ló máa ń wá ká a lọ ní ìdì. Kò rí ọ̀kan rí tí wọ́n ti rán, tí wọ́n sì gbé wọ̀. Ní báyìí ó wà lórí àìsàn ní ọsibítù, dókítà sì ti yọ̀ǹda wákàtí méjì fún un ní ọjọ́ Àìkú kó lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹwà ọ̀já wà, Ọ̀gbẹ́ni Hoshina yí ẹ̀yìn ère náà sí ẹnu ọ̀nà, ó sì gbé jígí ńlá kan síwájú rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni Ìyá Sugako yọjú. Láti ẹnu ọ̀nà, inú jígí tó ń yí òsì padà sí ọ̀tún ló ń wò, kò sì mọ̀.

"Ẹ gbà mí o! Ọ̀tún ló borí! Hoshina, òkú lo wọṣọ fún?"

Òsì ló ń borí ọ̀tún lára alààyè. Òkú nìkan ni wọ́n ń fi ọ̀tún borí òsì fún.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, jígí ni ẹ ń..."

"Jígí kí ni? Ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi? Nígbà tí mo ti ń wọ kimónò, bàbá rẹ kò tíì lè nu imú ara rẹ̀!"

Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó tú ọ̀já, ó di etí aṣọ méjèèjì mú. Kozue tó wà nítòsí rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀, bí ọwọ́ tó ki ara rẹ̀ bọ omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà, ó fa ọ̀tún sórí òsì, ó so ọ̀já le.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dà bí ènìyàn."

Àwọn tó wá wòran pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ ọdún márùn-ún tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé òkú ló wọ̀ báyẹn, ó sì pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Hoshina kọ ọ́ sórí páálí pé Ìyá Sugako fúnra rẹ̀ ló tún aṣọ náà wọ̀. Ẹni tó bá sì fajú ro, á rọra darí rẹ̀: "Ẹ wo inú jígí. Nínú jígí, ó tọ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá ará abúlé kan yí lọ sí iwájú ère náà, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó tẹrí ba, ó sì béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ta ló kú?" Tíì ni Hoshina fi dí i lẹ́nu.

"Màámi, Ìyá àgbà ń bọ̀ lọ́la," Kozue sọ nílé. "Aláìsàn ni. Ṣé wọ́n máa wá bá aṣọ wọn lára òkú ni?"

"Dákẹ́. Ìyá Sugako ló ṣe é. Bóyá inú jígí ni wọ́n máa wò."

"Ẹni tó ń rí fọ́nrán kan tó já nínú ẹgbẹ̀rún?"

Ìyá rẹ̀ kó abọ́ lọ sí ilé ìdáná.

Ní ọjọ́ Àìkú, Ìyá Sugako ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, ó ń gba ìyìn. Ìgbà náà ni Kozue béèrè ìbéèrè yẹn. Ìyá Sugako wò ó, ó wo ère náà, ó mú agboòrùn rẹ̀, ó jáde. Kò tilẹ̀ fa ọ̀já ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, ìròyìn yẹn sì mi Ojiya ju ìmìtìtì ilẹ̀ lọ.

Kozue tú aṣọ náà fúnra rẹ̀, ó fi òsì borí ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó dá a dúró, kò sì sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Ó ń so ọ̀já lọ́wọ́ ni wọ́n ti Fusae wọlé lórí àga onítáyà. Ìyá àgbà kò wo jígí. Ó ní kí wọ́n ti òun yí lọ sí iwájú, ó fi àtàǹpàkò tọ etí aṣọ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ta ló so ọ̀já yìí?"

"Èmi ni, Ìyá àgbà."

"Ó wọ́ bí ìrù ajá. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún un ṣe."

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Kozue ti di aránṣọ. Ìyá Sugako ti wà ní ilé àwọn arúgbó, níbi tó ti ń tún aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ṣe bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá. Lọ́jọ́ kan, ó ránṣẹ́ pe Kozue. Aṣọ funfun kan wà lórí itan rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, o bi mí ní nǹkan kan nígbà kan."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ọmọdé ló ń ṣe mí."

"Ta ló ní kóo bẹ̀bẹ̀? Ọwọ́ mi ti mọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn pé ó ti tọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹnu mi ló ti sáré ṣáájú, mi ò sì lè pè é padà. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi dúró kí ẹnì kan là á mọ́lẹ̀ fún mi pé mo ṣì í. Ojo ni gbogbo wọn! Bí mo bá kú, ẹ̀rù mi á ṣì máa bà wọ́n, wọn ò ní láyà láti wọ̀ mí bí òkú. Òsì ni wọ́n máa fi borí fún mi, bí ẹni tó ń lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, àwọn ará ọ̀run á sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Ó ju aṣọ funfun náà sí i. "Ta ló máa tún un ṣe? Ìwọ ni. Ọ̀tún ni kóo fi borí. Kóo sì so ọ̀já náà dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbọ́ pé tọjọ́ yẹn wọ́."